Ọkọ̀ Apẹja Tí A Kàn Ní Kìṣí

Àwa tí a ń gbé ní Kìṣí mọ ọ̀dàn dáadáa. A mọ igi ẹmi àti igi igbá, a mọ iṣu àti ọkà bàbà, a sì mọ eruku ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọkọ̀ ojú omi, àlejò ni wá. Ẹja tí à ń jẹ, inú apẹ̀rẹ̀ ni a ti ń bá a pàdé, tí ó ti gbẹ, tí ó ti ká ìrù sẹ́nu. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí odò ńlá tí ọkọ̀ ń ná lójoojúmọ́ ní láti rìn jìnnà kí ó tó dé Odò Ọya ní Jẹ́bà.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nígbà tí ọmọ ọdún mọ́kànlá kan nawọ́ sókè nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa. Ìtàn bí Jésù ṣe dá ìjì dúró ni a ń kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo gan-an ni Jésù sùn sí? Ṣé omi ò bá a níbẹ̀ ni?"

A tọ́ka sí Máàkù orí kẹrin fún un, pé ìdí ọkọ̀ ni Olúwa wà, tí Ó gbé orí lé ìrọ̀rí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní: "Kí ni wọ́n ń pè ní ìdí ọkọ̀, sà?"

Ẹ̀yin ará, a ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a sì ti wàásù lórí ibi kíkà yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú ṣọ́ọ̀kì láti ya ọkọ̀ náà sára pátákó, ohun tí a yà jọ bàtà ju ọkọ̀ lọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wá díẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni a pinnu pé, nígbà ìsinmi gígùn, àwọn ọmọ àti àwọn òbí wọn yóò jọ kan ọkọ̀ kékeré kan tí yóò jẹ́ àpẹẹrẹ irú èyí tí àwọn apẹja ń lò ní Gálílì nígbà ayé Olúwa wa. A kò ní fi èrò orí ara wa kàn án. Ọkọ̀ gidi kan wà tí a lè fi ṣe òdíwọ̀n.

ỌKỌ̀ TÍ Ó JÁDE NÍNÚ ẸRẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ọ̀dá ti mú kí omi òkun Gálílì fà sẹ́yìn púpọ̀. Ọmọ ìyá méjì kan wà, Moshe àti Yuval Lufan, apẹja ni wọ́n, ará Ginosar tí ó wà létí òkun náà. Bí wọ́n ti ń rìn lórí ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀, wọ́n rí ara ọkọ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tí ń wú ohun àtijọ́, Shelley Wachsmann sì ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Omi òkun ti ń padà bọ̀, nítorí náà wọ́n ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ 12. Igi ọkọ̀ náà ti mu omi débi pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ lè wọlé sí i lára. Wọ́n fi fóòmù bò ó tinú-tẹ̀yìn, wọ́n sì mú kí ó tún léfòó lórí omi òkun yẹn kan náà lẹ́yìn nǹkan bí 2,000 ọdún. Lẹ́yìn èyí, wọ́n rì í sínú adágún oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igi rẹ̀ tó lè dúró fúnra rẹ̀. Ginosar náà ni ó wà lónìí, nínú ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o. Àwọn kan ń pè é ní ọkọ̀ Jésù láti fi fa àlejò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí èyí múlẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé ó jẹ́ ti àkókò náà, irú èyí tí Pétérù àti àwọn ọmọ Sébédè ìbá mọ̀ dáadáa. Ìyẹn náà tó fún wa.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.27, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.3, ohun tí ó sì kù nínú gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.3. Bí a bá ṣe tiwa ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, gígùn yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82.7, fífẹ̀ 23, gíga 13. Ó gba orí tábìlì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kàn án ni ó ya àwọn káfíńtà ìjọ wa lẹ́nu. Bí àwọn tiwa bá fẹ́ ṣe òrùlé, igi òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò kí wọ́n tó kan páànù lé e. Àwọn ará Gálílì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó ara ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tò. Wọ́n gbẹ́ ihò sí etí pákó kan, wọ́n gbẹ́ irú rẹ̀ sí etí èkejì, wọ́n ki ahọ́n igi bọ àárín méjèèjì, wọ́n sì fi èèkàn kéékèèké há a mọ́lẹ̀ kí ó má lè yọ. Ìgbà tí ara ọkọ̀ ti dúró tán ni wọ́n tó fi ìṣó irin kan egungun ìhà mọ́ ọn nínú.

Ohun mìíràn tún wà. Oríṣi igi 12 ni wọ́n bá lára ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí. Kédárì ni ó pọ̀ jù nínú pákó rẹ̀, óákù ni púpọ̀ nínú egungun ìhà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù jẹ́ ohunkóhun tí ọwọ́ bá tó. Lára pákó náà, àwọn kan ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ mìíràn rí kí a tó tú wọn. Ọkọ̀ tálákà ni. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí kò fi ṣeé tún ṣe mọ́. Nígbà náà ni wọ́n yọ gbogbo igi rẹ̀ tí ó ṣì wúlò, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìyókù rì.

Lára àwọn tí wọ́n pè láti yẹ ọkọ̀ náà wò ni J. Richard Steffy, ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọkùnrin yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìlú kékeré kan, ó sì ń fi ọwọ́ kan ọkọ̀ kéékèèké nílé. Nípa kíkan àpẹẹrẹ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni ó fi ń mọ bí àwọn tí ó ni wọ́n ṣe kàn wọ́n, títí ó fi di olùkọ́ ní yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kú ní 2007. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jókòó ti pòpórò àgbàdo àti agolo sàdíìnì, tí ó ń fi ṣe mọ́tò, ẹ má yára lé e dìde.

NÍ ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Ọmọbìnrin kan bi wá léèrè bóyá àwọn òyìnbó àti ará Ísírẹ́lì nìkan ni ó ní ọkọ̀ àtijọ́. Rárá o. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní ẹ̀bá Dufuna, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Nígbà tí kànga náà jìn tó nǹkan bí mítà márùn-ún, ọkọ́ rẹ̀ kan ohun líle kan. Ọkọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Maiduguri àti láti Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ pé ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tí a tíì rí ní Áfíríkà tí ó dàgbà tó o. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Gálílì dọ́gba, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Wọ́n ní irú igi ọ̀gànwó ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti ara rẹ̀, odindi igi kan, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Bàbá kan nínú ìjọ wa tí ó ń gbẹ́ odó gbọ́ èyí, ó ní òun yóò gbẹ́ ti Dufuna. Ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ara ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 5 lọ. Àkọ́kọ́ ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá wo ó títí, ó ní: "Àwọn tó gbẹ́ ẹ yẹn, ọ̀gá ni wọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

TÉÈPÙ TÍ Ó JÁ LÓRÍ

Ti Gálílì ni àwọn ọmọ dojú kọ. Níwọ̀n bí kò ti sí kédárì ní Kìṣí, a sọ pé kí olúkúlùkù mú igi kan wá láti ilé, àjákù ni kí ó jẹ́, kí a lè rí oríṣi 12. Ẹ ò bá rí ohun tí wọ́n kó wá! Ọmọ odó tí ó ṣẹ́, ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó, èékù ọkọ́, igi mángòrò, tíìkì, mẹ́línà. Ọmọ kan mú èérún ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀ àgbà tí ó ti sùn nínú Olúwa. Àwọn káfíńtà là wọ́n pẹlẹbẹ, àwọn ọmọ sì gé igi ìgbálẹ̀ wẹ́wẹ́ láti fi ṣe èèkàn.

Kí pákó tó lè dúró, a gé paálí méje tí ó rí bí ìhà ọkọ̀, èyí tí a ó yọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Níbi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ jù, sẹ̀ǹtímítà 11.5 ni ó yẹ kí ó wà ní apá ọ̀tún, kí 11.5 sì wà ní apá òsì. Ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè ọjọ́ kìíní ni ó wọn apá ọ̀tún. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, rúlà bàbá rẹ̀ ni ó lò. Àwa fúnra wa ni a wọn apá òsì, téèpù arábìnrin kan tí ó jẹ́ télọ̀ ni a sì yá.

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Ọjọ́ Àìkú ni a fẹ́ gbé e síwájú ìjọ. Ní Ọjọ́bọ̀, a gbé ọkọ̀ náà sínú báfù omi láti dán an wò. Kíá ni ó fì sí òsì. A tò ó dọ́gba, ó tún fì.

Ẹ̀yin ará, a kò ní parọ́ fún yín. Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ẹ jẹ́ ká kùn ún ní ọ̀dà, ká sì fi yanrìn díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Bó bá ti wà lórí tábìlì, ta ló máa mọ̀?"

Àwọn ọmọ dákẹ́. A ti kọ ìwé pélébé kan tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà: "Ọkọ̀ apẹja Gálílì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá." Ọmọ káfíńtà yẹn wo ìwé náà, ó wò wá, ó ní: "Sà, ṣé ká wá pa 'ìdá kan nínú mẹ́wàá' yẹn rẹ́ ni?"

Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ṣinṣin.

A ní kí wọ́n pe arábìnrin télọ̀. Ó dé, ó wo téèpù, ó ní: "Áà, Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò rántí sọ fún yín. Ó ti pẹ́ tó ti já lórí. Èmi máa ń fi kún un ni." Lóòótọ́, sẹ̀ǹtímítà kìíní kò sí níbẹ̀ mọ́. Apá ọ̀tún jẹ́ 11.5. Apá òsì tí àwa wọ̀n jẹ́ 10.5.

Sẹ̀ǹtímítà kan péré! Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ gidi, 10 ni. Ọkọ̀ tí apá rẹ̀ kan fi sẹ̀ǹtímítà 10 dín sí èkejì, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ sójú omi?

A tú apá òsì. Bàbá ọmọ náà dé lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àtùpà kalẹ̀. A mọ arákùnrin náà, kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kò ṣe láti bá a wí. Ó mú paálí apá ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọn gbogbo méjèèje. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé: "Ìwọ lo wọn ìwọ̀nyí?" Ọmọ ní: "Èmi ni, sà." Bàbá ní: "Wọ́n gún." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ojú ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn yóò mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá ni ó gbà. Àwọn méjèèjì ni ó wọn apá òsì tuntun, tí ọ̀kan di rúlà mú, tí èkejì ń fàlà.

NÍ ỌJỌ́ ÀÌKÚ

Iṣẹ́ kò parí kí Ọjọ́ Àìkú tó dé. Pákó mẹ́ta péré ni ó wà ní apá òsì, ìyókù ṣí sílẹ̀. A fi kún ìwé náà pé: "Iṣẹ́ kò tíì parí." A sì sọ fún ìjọ ìdí rẹ̀, pé òdíwọ̀n tiwa ni ó ṣìnà.

Àwọn ènìyàn tẹ̀ ba láti ibi tí ó ṣí sílẹ̀ náà, wọ́n ń wo inú ọkọ̀. Pèpéle ìdí ọkọ̀ kò kù lára èyí tí wọ́n wú ní Gálílì, ṣùgbọ́n Wachsmann gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní in, pé orí rẹ̀ ni atukọ̀ ń dúró sí, àti pé abẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí ó rẹ̀ lè sùn sí. A ti fi tiwa sí i. Nígbà tí ìyá àgbà kan bi ọmọ náà pé ibo ni Olúwa sùn sí, ó ti ìka bọ abẹ́ pèpéle náà, ó ní: "Ibí ni, mà. Omi ò ní tètè débí."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a ronú. Àwọn ọmọ wa ń kan ìgbé ayé tiwọn, àwa sì ni téèpù tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí téèpù náà bá já lórí, àwa lè mọ bí a ti í fi kún un, nítorí ó ti mọ́ wa lára. Ọmọ kò mọ̀. Bí ó ti rí i ni yóò wọ̀n ọ́n. Irọ́ kékeré tí a pa fún onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà, owó ọjà tí a kò kà pé, sẹ̀ǹtímítà kan ni lójú wa. Lọ́wọ́ ọmọ wa, ó lè di mẹ́wàá. Ẹ ka Lúùkù orí 16 ẹsẹ 10 nínú àdúrà ìdílé yín lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí nílé, ẹ má náwó. Ẹ wá àjákù igi, paálí, gúùmù àti igi ìgbálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi paálí ṣe é tán kí ẹ tó fọwọ́ kan igi. Òdíwọ̀n kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín lò, kí ẹ sì wo orí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì fì, ẹ má ṣe kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ tú u.

Ọkọ̀ tiwa ti parí báyìí. Ó dúró dọ́gba lórí omi, ti Dufuna sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò da paálí apá òsì àkọ́kọ́ yẹn nù. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì wa, níbi tí ojú wa yóò ti máa rí i.

Kí Olúwa mú wa dúró ṣinṣin nínú ohun kékeré. Àmín.