Àwọ̀ Pupa Inú Ẹyìn

Igi ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹyìn rẹ̀ sì ń mú epo méjì jáde: epo pupa láti ara ẹran tó bo èkùrọ́, àti àdín láti inú èkùrọ́ fúnra rẹ̀. Kárótíìnì ló fún epo pupa ní àwọ̀ rẹ̀, èròjà tó tún wà nínú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n tí kílógíráàmù epo kan lè ní tó mílígíráàmù 500 sí 700 rẹ̀. Ara ènìyàn ń sọ ọ́ di fítámì A, èyí tí ojú nílò láti ríran.

Kárótíìnì wà lára àwọn èròjà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní antioxidant. Nígbà tí ara bá ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára, tàbí tí èéfín sìgá bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn mólékù kan máa ń jẹyọ tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn kò pé, tí wọ́n á sì máa já ti ẹlòmíràn gbà, títí kan ti DNA, ìyẹn okùn tíntínní tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí DNA bá bàjẹ́ láìrí àtúnṣe, sẹ́ẹ̀lì lè máa pọ̀ sí i láìníjàánu, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Antioxidant a máa yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ kí ìjágbà náà lè dáwọ́ dúró.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kan ṣe retí pé kárótíìnì tí a yọ sọ́tọ̀, tí a fi ṣe oògùn oníhóró, yóò dènà jẹjẹrẹ. Ní 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní orílẹ̀-èdè Finland láàárín àwọn ọkùnrin amusìgá tí iye wọn lé ní 29,000. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, ó hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà já sí ibi kan náà, wọ́n sì dá a dúró ní 1996 kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé nínú ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti kún, kárótíìnì tó pọ̀ jù lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí àwọn ohun tó fọ́ sí sì máa ṣe ìpalára. Ìwà ìkà gbáà ni, nígbà náà, láti máa ta hóró bẹ́ẹ̀ fún amusìgá gẹ́gẹ́ bí ààbò lọ́wọ́ jẹjẹrẹ.

Hóró oògùn ni ìwádìí wọ̀nyí dán wò, kì í ṣe epo inú ọbẹ̀. Inú ọ̀rá ni kárótíìnì ti ń yòrò, nítorí náà ẹ̀fọ́ tí a fi epo sè máa ń jẹ́ kí ara rí i gbà dáadáa ju ẹ̀fọ́ tí kò ní ọ̀rá rárá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé epo kaná títí tí pupa rẹ̀ fi pòórá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń se ọbẹ̀ ayamáṣe ti ń ṣe, kárótíìnì náà ti jóná lọ, ọ̀rá inú epo nìkan ló sì kù, èyí tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú tí àpọ̀jù rẹ̀ kò dára fún ọkàn.