TÍTA JẸ́SÌ FÚN ẸNI TÍ A KÒ FOJÚ RÍ

Ní ọjà àwọn baba wa, ojú àti ọwọ́ ni ẹlẹ́rìí. Oníbàárà yóò wo aṣọ, yóò fọwọ́ pa á, yóò ná an, kí ó tó tú owó sílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹlẹ́rìí méjèèjì kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òntajà nìkan ni ó kù. Nítorí náà, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ń ta jẹ́sì bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ń ṣe é láti Òkókómáíkò. Ọjà kò jìnnà sí i, nítorí Trade Fair, níbi tí àwọn oníṣòwò aṣọ àti bàtà ní ìsọ̀, wà lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kan náà. Yóò ya àwòrán jẹ́sì, yóò fi téèpù wọn àyà àti gígùn rẹ̀, nítorí pé lájì ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ mídíọ̀mù òmíràn. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ẹ, yóò pè é lórí fóònù láti mọ ibùgbé rẹ̀, yóò sì di ẹrù fún ọlọ́kadà.

Owó ńkọ́? Nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ó gba oníbàárà láàyè láti sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí fi ọkàn oníbàárà balẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ewu lé òntajà lórí: bí oníbàárà bá kọ ẹrù, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ gbé. Bí òntajà bá sì gba owó ṣáájú, ọrùn oníbàárà ni ewu bọ́ sí.

Ìdánwò tí ó le jù ni ti ojúlówó àti ayédèrú. Ẹ rántí jẹ́sì Super Eagles ti 2018. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa sọ pé mílíọ̀nù 3 ni àwọn ènìyàn ti béèrè fún kí ó tó jáde. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, èrò tò ní Lọ́ńdọ̀nù láti rà á, ó sì tán kíá lórí ìkànnì Nike. Ayédèrú rẹ̀ ni ó kún ọjà wa. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ ohun tí àwọn ń rà, nítorí àpò wọn kò gbé ojúlówó. Òfin kò gba ayédèrú láàyè, bí a tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípè é ní ojúlówó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kejì, nítorí ó ń ba ọ̀rọ̀ tí gbogbo òwò náà dúró lé jẹ́.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú òwò yìí, kì í tó ogún ọdún: ọjọ́ tí oníbàárà bá tú ẹrù náà ni. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi òwò yìí ti ẹ̀kọ́ yín lẹ́yìn, ẹ máa pe ọjà yín ní orúkọ rẹ̀.