Oògùn Egungun Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìbàdí

Ẹ̀yin àgbà wa, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí egungun ìbàdí yín bá dá nígbà tí ẹ ṣubú nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí egungun náà ti fúyẹ́, kí ó sì ti di ẹlẹgẹ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ti tún èyí tí ó dá ṣe, ṣùgbọ́n kò fún àwọn egungun yòókù ní agbára. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún yín ní oògùn.

Èyí tí a sábà ń lò ni alendronic acid, hóró kan lọ́sẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan tí ẹ kò ní gbàgbé, bí ọjọ́ Ìsinmi tàbí ọjọ́ Jímọ̀.

• Ẹ lò ó ní òwúrọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ, tíì tàbí oògùn mìíràn.
• Ẹ fi ife omi lásán kan kíkún gbé e mì lódindi.
• Ẹ jókòó ṣánṣán tàbí kí ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ má sì jẹun. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, oògùn náà lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun.
• Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lo hóró kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ rántí. Ẹ má ṣe lo méjì lọ́jọ́ kan.

Bí oúnjẹ bá ń dùn yín láti gbé mì, tàbí tí àyà ń ta yín, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín kíákíá. Oògùn mìíràn wà tí a ń fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́. Bí kò bá sí ìnira kankan, ẹ má ṣe fúnra yín dá a dúró. Ẹ kì yóò mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dín ewu kù pé egungun mìíràn yóò dá. Ẹ sọ fún dókítà eyín pẹ̀lú pé ẹ ń lò ó.

Ìrìn náà jẹ́ ara ìtọ́jú. Àwọn físíò sábà máa ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti dìde ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Bí àwọn ọmọ bá ní kí ẹ máa jókòó, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò lò a máa pàdánù agbára rẹ̀. Ẹ máa ṣe ìdárayá tí físíò kọ́ yín, kí ẹ sì lo ọ̀pá tàbí férémù ìrìn tí wọ́n fún yín.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn yín, ẹ pe 111 lójú ẹsẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín lójijì tàbí tí ẹ kò lè mí dáadáa, ẹ pe 999. Ẹ lè béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ kò ní san owó kankan.