Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní Fẹlá ń lọ kọ́, orin ló kọ́ bọ̀

Lọ́dún 1958, ọmọ opó kan láti Abẹ́òkúta gbéra, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní ó ń lọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti di dókítà ṣáájú, àbúrò rẹ̀ náà ń mú ọ̀nà kan náà pọ̀n, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ti eléyìí máa yàtọ̀. Àfi bó ṣe débẹ̀ tó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ orin! Fèrè ló lọ ń fun. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá ti fowó àtẹ rán ọmọ níwèé rí, ẹ fi ara yín sípò ìyá náà wò ná.

Orúkọ ọmọ náà ni Fẹlá Ransome-Kútì, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì nígbà tó yá. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tí àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá tò sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí gbóná. Bí èèyàn bá dárúkọ Fẹlá lónìí, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sọ́kàn aráyé ni igbó, àwọn ìyàwó 27 tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún 1978, àti wàhálà òun pẹ̀lú sójà. Ṣùgbọ́n Fẹlá tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé, tó ń ru ìwé orin káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ò wọ́pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ILÉ ÌWÉ NI ILÉ WỌN

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Ísírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Gírámà láti 1932 títí di 1954. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, N.U.T., tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1931. Ìyá náà, olùkọ́ ni. Òun lọ́mọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Gírámà lọ́dún 1914, ó sì ti kàwé dé ìlú òyìnbó kí ogun Hítílà tó dé. Ẹ wá wo ọmọ tó bọ́ sáàrin irú àwọn méjèèjì yẹn! Kò sí ibi tó máa sá gbà. Tó bá ṣẹ̀ ní kíláàsì, ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá. Tó bá sáré délé, olùkọ́ ni ìyá. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé àtibàbá àtìyá, kò sẹ́ni tí ẹgba rẹ̀ ò rọ̀ lé òun lára dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí ẹgba ṣe pọ̀ nílé yẹn, bẹ́ẹ̀ lorin pọ̀. Bàbá mọ dùùrù tẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kútì, ló ti gbé orin ìyìn lédè Yorùbá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, tí àwọn onírẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ju orin 40 lọ. Ọdún 1922 o! Ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ wa ni kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ giramafóònù nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí Fẹlá kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù, tó sì wá ń darí ẹgbẹ́ akọrin nílé ìwé, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Wọ́n kàn rò pé eré ọwọ́ dilẹ̀ ni. Ẹni tó bá bí ọmọ sílé àlùfáà, kò ní í torí pé ọmọ náà ń kọrin kó máa bẹ̀rù.

Ohun tó yẹ kó ti là wọ́n lójú ni ẹgbẹ́ kan tó dá sílẹ̀ nílé ìwé nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Planless Society ló pè é. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lédè wa, Ẹgbẹ́ Aláìnétò ni. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé kò sí òfin! Ẹ̀rín ni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní àwọn ò ní ètò yìí ń gbé ìwé ìròyìn jáde o, Planless Times lorúkọ ẹ̀, wọ́n sì ń fi í gún àwọn olùkọ́ lára. Ẹni tó bá ti tẹ̀wé rí, ẹ̀yin òǹtẹ̀wé àti alágbékalẹ̀ lẹ́tà, ẹ mọ̀ pé ìwé ìròyìn kì í fúnra ẹ̀ jáde. Ẹnìkan á kọ ọ́, ẹnìkan á tò ó, ẹnìkan á pín in. Ọmọ tó ń ṣe báyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kódà bó jẹ́ pé àìgbọràn ló fi ń ṣe. Nígbà tó di bí ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, Fẹlá ń fowó ara ẹ̀ ra àyè nínú àwọn ìwé ìròyìn Èkó láti máa sọ ohun tó ń bí i nínú. “Chief Priest Say” ló ń pe àkọlé ẹ̀. Planless Times náà ló tún padà bẹ̀rẹ̀, àfi pé ìjọba ló ń gún lára lọ́tẹ̀ yìí.

Ilé ìwé mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan. Fẹlá kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá lọ nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta ń wọ́ lọ sí ààfin Aláké lọ́dún 1947 sí 1948, tí wọ́n ní àwọn ò san owó orí tó ń ni àwọn lára mọ́. Ìyá rẹ̀ ló kó wọn sòdí, lábẹ́ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta Women's Union. Àwọn ìyá yìí kò mú ìbọn, orin ni wọ́n mú lọ. Orin èébú, orin òwe, èyí tí wọ́n fi ń bú ọba àti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tojú tìyẹ́. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá kejì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà wọ ìlú títí di òpin ọdún 1950. Ọmọ tó bá fojú rí i pé orin lè ṣí ọba nídìí, ta ló tún fẹ́ sọ fún un pé orin ò níláárí? Ká sọ tòótọ́, àwọn ìyá aláṣọ àti ìyá onírẹsì Ẹ̀gbá wà lára àwọn tó kọ́ Fẹlá níṣẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

Bàbá kú lọ́dún 1955. Nígbà tí Fẹlá jáde ìwé, ó sọ̀kalẹ̀ sí Èkó, ó ṣe akọ̀wé díẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, J. K. Braimah, ló mú un mọ ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá, ó sì ń bá wọn kọrin lálẹ́. Ọ̀sán ìwé, alẹ́ orin. Ìgbà tí ẹ̀mí ọmọ bá ti pín sí méjì báyẹn, ẹ̀yin òbí, ẹ máa ń rí i. Ẹ kàn máa ń díbọ́n bí ẹni tí kò rí i ni.

FÈRÈ KÌ Í ṢE OHUN ÌṢERÉ

Trinity College of Music ni ilé ìwé tó wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Mandeville Place. Ilé ìwé àtayébáyé ni, ọdún 1872 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀: Olíkóyè, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó di dókítà, Trinity kan lòun náà lọ, àmọ́ ti ìlú Dublin nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣègùn. Trinity ni ẹ̀gbọ́n, Trinity ni àbúrò, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá lọ kọ́ orin, ó lọ jayé ni. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ trumpet tó lọ kọ́. Bọ́tìnì mẹ́ta péré ló wà lára fèrè náà, ṣùgbọ́n gbogbo ohùn tó wà nínú ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè téńté, ètè èèyàn ló ń wá a jáde. Bí ètè bá le jù, fèrè á han. Bó bá rọ̀ jù, atẹ́gùn lásán ni yóò jáde. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ ní láti máa fun ohùn kan ṣoṣo, ohùn gígùn, láràárọ̀, títí èémí ẹ̀ á fi dúró ṣinṣin, kó tó wá máa gun àkàbà ohùn sókè sódò. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ètè ẹ̀ á ti gbàgbé. Bí ti télọ̀ gan-an ló rí: ọ̀gá á ní kó o máa ká etí aṣọ fún oṣù mẹ́ta, o ò ní í fọwọ́ kan súùtù. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, á ti sá lọ kí àsìkò súùtù tó dé.

Yàtọ̀ sí fèrè, ó ní láti mọ orin kà lórí ìlà márùn-ún bí ẹni ń ka lẹ́tà, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn kan le orí èkejì tí wọn ò fi ní í jà. Orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ìyẹn orin tí àwọn tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́. Fẹlá ò kórìíra ẹ̀ o. Títí ó fi dàgbà ló máa ń dárúkọ Handel pé òun fẹ́ràn orin ẹ̀. Ẹni tó ń bú òyìnbó tó báyẹn!

Bílẹ̀ bá wá ṣú, ilé ìwé mìíràn ṣí. Orin jáàsì àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ló ń gbọ́, Miles Davis ní pàtàkì, onífèrè bíi tiẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ jó ijó ilé wọn. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, ti ń lu irú ẹ̀ fún wọn ní Soho láti bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Fẹlá àti Braimah, tí òun náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù láti wá kọ́ òfin, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Koola Lobitos. Òde ijó àti àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń ṣeré. Ó tún fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún Taylor. Wọ́n bí Yẹni lọ́dún 1961, wọ́n bí Fẹ́mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ lọ́dún 1962. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìyàwó, tó bí ọmọ méjì, tó ń fun fèrè láàárọ̀, tó tún ń fun ún lóru! Ó dára tí àwọn aládùúgbò ò pe ọlọ́pàá.

ÌYÁ LÓ SỌ Ọ̀RỌ̀ TÓ ṢE É LÓORE

Ọdún 1963 ló padà sílé. Ọdún yẹn náà ni Bẹ́kọ̀, àbúrò ẹ̀, ti Manchester dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dókítà. Ẹ ò rí ọ̀ràn? Fẹlá gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò N.B.C., ó sì tún Koola Lobitos tò l'Ékòó. Ṣùgbọ́n orin náà ò tà. Jáàsì tó dà mọ́ háíláìfù náà le jù fún etí, ẹsẹ̀ ò sì rí ibi tó máa gbà jó o. Onímọ̀ ni, ṣùgbọ́n òun àti àwọn díẹ̀ ló ń gbádùn ìmọ̀ náà.

Ìyá ẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní kó yé ṣe jáàsì, kó máa ṣe orin tí àwọn èèyàn ẹ̀ máa gbọ́ tó máa yé wọn. Ìyá tó ń retí dókítà ló wá ń tọ́ ọmọ sọ́nà nídìí orin! Oníṣòwò ló mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn: ọjà tó dára, tí ẹni tó fẹ́ rà á ò bá mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, orí àtẹ ni yóò máa wà. Ìrìn àjò Amẹ́ríkà lọ́dún 1969 tún la ojú ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ènìyàn dúdú. Ìgbà tó fi di 1971, “Jẹun Kó Kú” ti gba ìgboro kan. Wọ̀bìà ni wọ́n fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sẹ́ni tó nílò olùtumọ̀.

Àmọ́ ohun tó kọ́ ní Mandeville Place kò ṣòfò. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé òun ló máa ń gbé ohun tí oníjìtá kọ̀ọ̀kan máa ta àti ohun tí onífèrè kọ̀ọ̀kan máa fun kalẹ̀, á sì tún un ṣe títí á fi bọ́ sí i. Tony Allen onílù nìkan ló fi sílẹ̀ kó máa wá ìlù tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ju ìwé nù lónìí nítorí orin kò mọ̀. Wọ́n rí igbó, wọ́n rí ìhòòhò àyà, wọ́n rò pé ohun tó sọ ọ́ di Fẹlá nìyẹn. Wọn ò rí ọdún márùn-ún tó fi ń fun ohùn kan ṣoṣo láràárọ̀. Ọmọ tó ní òun fẹ́ ṣe orin, tí kò lè jí fi wákàtí kan gbá ohun èlò ẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ná.

Ìyá náà ò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Inú ilé Fẹlá ní Agége Motor Road ló wà lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977 tí àwọn sójà ya wọbẹ̀, tí wọ́n sun ún níná, tí wọ́n sì ju ìyá láti ojú fèrèsé. Kò gbádùn mọ́ látìgbà náà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978.

Nǹkan kan tún wà tí kò yẹ kó sọnù. Lọ́dún 1973, Igo Chico tó ń fun saxophone fún ẹgbẹ́ náà kó ẹrù ẹ̀, ó lọ. Fẹlá ò wá ẹlòmíràn. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 35, ọ̀gá pátápátá ni, síbẹ̀ ó gbé saxophone tí kò fun rí, ó bẹ̀rẹ̀ láti á-bí-dí, kò sì pẹ́ tó fi gbé e gun orí ìtàgé. Fẹ́mi tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù náà di onífèrè. Ọmọ Fẹ́mi, Mádé, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ nígbà tí àsìkò tó, ilé ìwé bàbá bàbá ẹ̀ gan-an ló wọ̀, Trinity tí wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ Laban lọ́dún 2005. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé jáde lọ́dún 2021, òun nìkan ló lu gbogbo ohun èlò tó wà nínú ẹ̀.