Ìlú Tó Ń Fi Ohùn Jẹun: Ta Ló Ń Sanwó Ẹ̀kọ́ Dókítà Ọ̀fun?

Ní Ìbàdàn, láti Mápó dé Ọjà'ba, láti Beere wọ Oníyanrìn, ohùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Ìyá tó ń polówó ata, ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò, ààfáà tó ń kọ́ ọmọ ní kéú, ládàánì tó ń pe ìrun, oníwàásù tó gbé gbohùngbohùn sí ìkóríta: bí ohùn wọn bá lọ, ọjà wọn lọ nìyẹn. Ìgboro Ìbàdàn yìí kan náà ni Dáúdà Epo-Àkàrà ti kọ orin awúrèbe tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí ohùn bá há, orógbó, oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ la kọ́kọ́ ń sáré sí. Bí ìyẹn kò bá ṣe é, a ó lọ bá oníkẹ́míìsì kó po oògùn fún wa. Dókítà tó mọ tinú ọ̀fun la máa ń rí kẹ́yìn, nígbà míì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tí mímí pàápàá ti ń pariwo lọ́rùn aláìsàn.

Irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, wọn kì í sì í ṣàdédé wà. Owó ńlá ló ń sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́, apá kan nínú owó náà sì ti ń ti ọwọ́ aláàánú wá láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìrìn àjò owó yẹn ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, awẹ́ ẹran kékeré méjì tí gígùn wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 25 lọ lára ọkùnrin, tí ti obìnrin sì kéré sí i. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró á máa mì wọ́n, wọ́n á sì máa gbá ara wọn: ó lé ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́fun ọkùnrin, ó tó bí 200 lọ́fun obìnrin. Bí ìyá kan bá fi wákàtí méjì gbáko pariwo láìsinmi, tán-án-ná rẹ̀ ti gbára wọn ju mílíọ̀nù kan lọ. Abájọ tí kókó fi ń hù sí wọn.

Kókó tí ariwo fà máa ń rọ̀ tí èèyàn bá sinmi ohùn tó sì kọ́ bí a ti ń lò ó. Àwọn tó kù ló ń wá oníṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ lè ṣèèṣì kan iṣan tó ń darí tán-án-ná, kí awẹ́ kan sì rọ. Ọmọdé lè gbé sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ mì, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí. Fáírọ́ọ̀sì HPV, irú 6 àti 11, lè hù bíi wọ́ọ̀nù sínú gògóńgò ọmọ tó kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, wọ́n á gé e, á tún hù, títí ọmọ náà á fi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ léraléra. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló burú jù nínú gbogbo wọn. Sìgá àti ọtí líle ló sábà ń fà á, ohùn híhá sì ni àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá ti orí tán-án-ná bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń sọ pé ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹni náà lọ jẹ́ kí wọ́n wo inú ọ̀fun òun. Orógbó kò rí inú ibẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ le ju bí a ti rò lọ. Ẹnu ni oníṣẹ́ abẹ máa gbà wọlé, pẹ̀lú páìpù irin àti àwọn irinṣẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí á sì máa fi awò maikirosikóòpù wo ohun tó ń gé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń lò yẹn náà ni ẹni tó fún aláìsàn lóògùn oorun ń gbà fún un ní atẹ́gùn, nítorí náà àwọn méjèèjì ní láti gbọ́ra wọn yé. Bí ọ̀bẹ bá jìn díẹ̀ sí i, àpá á kù, ohùn náà kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Àwọn iṣẹ́ míì wà tí wọ́n ń ṣe láti ìta ọrùn, irú èyí tí Nobuhiko Isshiki ará Japan fi han ayé ní 1974, níbi tí wọ́n ti ń sún tán-án-ná tó rọ padà sáàárín kó lè pàdé ìkejì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ti inú ìwé nìkan mọ irú èyí. Ó ní láti dúró ti ọ̀gá, kí ó wò, kí ó dì í mú, kí ọ̀gá sì gbá a lọ́wọ́.

Ẹ wá ṣírò ọdún rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́fà ni yunifásítì ìṣègùn, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ọdún kan fún iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ọdún kan fún ìsìnrú ìlú, lẹ́yìn náà ọdún márùn-ún sí mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ etí, imú àti ọ̀fun pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ohùn àti ọ̀fun ní àmọ̀dunjú á tún wá ọdún kan sí i lọ́dọ̀ àgbà ọ̀gá, tó sábà máa ń wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba ní owó kan tó ń fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2017, ṣùgbọ́n owó ìdánwò àti ìwé nìyẹn. Ọdún àfikún yẹn ni àlàfo wà: owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé, owó oúnjẹ, àti ẹbí tó kù nílé tó ń retí owó oṣù. Àlàfo yìí ni àwọn aláàánú wọ̀.

Nǹkan yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ orin ló kọ́kọ́ rí tán-án-ná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fun alààyè. Manuel García ni orúkọ rẹ̀, ará Sípéènì tó ń gbé ní London. Ní 1854 ó fi dígí kékeré méjì àti ìtànṣán oòrùn wo ọ̀fun ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà kan, Morell Mackenzie, dá ilé ìwòsàn ọ̀fun sílẹ̀ ní London ní 1863, èyí tó ṣáájú irú rẹ̀ lágbàáyé. Bí àwọn ilé ìwòsàn aláàánú ìgbà náà ṣe ń jẹun, ọrẹ àwọn olówó ló gbé e ró. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń wo tálákà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ra wọn. Mackenzie yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pè nígbà tí ọ̀fun ọmọ ọba Jámánì ń dùn ún. Ọmọ ọba náà gorí oyè ní 1888 gẹ́gẹ́ bíi Frederick Kẹta, ó lo ọjọ́ 99, jẹjẹrẹ gògóńgò sì pa á. Ọba tó lágbára bẹ́ẹ̀ kò rí ẹni gbà á.

Àwa náà ní ìtàn tiwa. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, Adéọ̀yọ́ ni ọsibítù tó wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí UCH, ọsibítù yunifásítì náà, fi ṣí ní 1957. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1960, Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó padà di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fún oníṣẹ́ abẹ ní ìwé ẹ̀rí lónìí. UCH náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n F. D. Martinson ti ṣiṣẹ́, ẹni tí òun àti B. M. Clark kọ̀wé ní 1967 lórí àrùn olú kan tó ń wú imú àti ojú àwọn ará Nàìjíríà. Nítorí náà, ìmọ̀ kò ṣe àjèjì sí ìlú yìí. Ohun tó ń wọ́n wa ni ọ̀nà àtisún ìmọ̀ náà síwájú.

Ní Áfíríkà lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó yọrí jù ni ti Yunifásítì Cape Town. Johan Fagan, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀kọ́ ọdún kan sílẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ orí àti ọrùn láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà míì, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Karl Storz, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe awò tí wọ́n fi ń wo inú ara, ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó ń ta ọkọ́ ló ń kọ́ wa ní oko ríro yìí. Dókítà tó bá fi awò Storz kọ́ṣẹ́, awò Storz ni yóò sọ pé kí ọsibítù òun rà. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń gbàrànwọ́ mọ ohun tí olùfúnni ń rò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni pé ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ ń padà sí ọsibítù tó ti wá, kí òun náà lè kọ́ ẹlòmíì. Fagan tún ko ìwé iṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, akọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn lè ṣí i lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ fi wé àwọn aláàánú tó ń wá ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó lọ. Ọkọ̀ ojú omi ìwòsàn Mercy Ships ti gúnlẹ̀ sí Cotonou, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Benin, ó sì ti gé kókó ńláńlá kúrò lójú àti lọ́rùn àwọn tí aráyé ti pa tì. Iṣẹ́ rere ni, wọ́n sì ń kọ́ àwọn dókítà ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á gbéra. Smile Train ní tirẹ̀ yan ọ̀nà míì fún àwọn ọmọ tí ètè tàbí òkè ẹnu wọn là, èyí tó ń ba ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́: dókítà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́, òun ni wọ́n sì ń sanwó iṣẹ́ abẹ fún.

Àwọn olówó tiwa ńkọ́? Wọn kì í ṣe ahun. Ọ̀túnba Ṣubọ́mi Balógun kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé ńlá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fi í fún UCH. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà nínú UCH, tí wọ́n ṣí ní 2012, orúkọ Olóyè Tony Anenih ni wọ́n fi pè é. Ẹ wò ó dáadáa, ilé ni méjèèjì. Ilé ṣeé kọ orúkọ sí lára, ó ṣeé gé ríbọ́nù níwájú rẹ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kò ṣeé kọ orúkọ sí. Bẹ́ẹ̀ ẹni kan tó kọ́ṣẹ́ dáadáa lè lo ọgbọ̀n ọdún níbi iṣẹ́, kó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ẹlòmíì kó tó fẹ̀yìn tì. Bí àwọn ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ olórin Ìbàdàn bá ń dáwó jọ fún ẹyọ dókítà ọ̀fun kan, ohun tí wọ́n ń rà á wà pẹ́ ju ọ̀dà ara ilé lọ.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀: ẹ rán an lọ tán, á já pa sí London. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ohun tó ń padà wá bá. Láti ìparí 2024 wọ 2025, UCH wà láìní iná ìjọba fún ohun tó lé ní ọjọ́ 100 nítorí gbèsè iná. Ẹni tó lọ kọ́ bí a ti ń fi maikirosikóòpù gé kókó lára tán-án-ná, tó padà débi tí kò sí maikirosikóòpù, tàbí tí ó wà tí iná kò sí, kí ni kó fi ìmọ̀ náà ṣe? Àdéhùn tó bá mọ́gbọ́n dání á so nǹkan mẹ́ta pọ̀: ọdún tí dókítà gbọ́dọ̀ fi sìn lẹ́yìn tó bá padà, ẹ̀rọ tí á máa dúró dè é, àti owó àtúnṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn aláàánú máa ń gbàgbé jù.

Apá kan iṣẹ́ náà tilẹ̀ wà tí kò béèrè ọ̀bẹ rárá. Ní oṣù kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ Gavi tí owó àwọn orílẹ̀-èdè àti ti Gates Foundation wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, àmọ́ ó ń dènà irú 6 àti 11 tó ń fa wọ́ọ̀nù ọ̀fun náà. Ní Australia, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, iye ọmọ tuntun tí wọ́ọ̀nù ọ̀fun ń mú ti wálẹ̀ gan-an.

Ẹni tó kù tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ ni olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tí yóò kọ́ oníwàásù bí á ṣe máa mí kí ó tó sọ̀rọ̀, tí yóò sì kọ́ ẹni tí wọ́n ti yọ gògóńgò rẹ̀ bí á ṣe tún fi ọ̀nà míì sọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí kiri Áfíríkà tí Fagan àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé jáde ní 2009, àìtó irú wọn hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìtó dókítà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Owó oṣù ọ̀kan nínú wọn kò tó owó ọkọ̀ òfuurufú dókítà kan lọ sí Cape Town.