Ìmọ̀ Ni Ó Ń Ṣẹ́gun Òjò Dídì, Kì Í Ṣe Òkìtì Iyọ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó bojú wo àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà tí òjò dídì máa ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Òtútù ibẹ̀ kì í yọ́ wá bí olè. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ oṣù tí yóò dé, àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ sì ń kéde rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ogun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ yìí ti pa ènìyàn, ó sì ti yẹ àga mọ́ àwọn aláṣẹ nídìí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní New York àti Chicago lónìí, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù lójú ọ̀nà tí ń yọ̀ bí ilá.

Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òṣèlú kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn New York. Ní ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1969, òjò dídì tí ó ga tó íńṣì 15 bo ìlú náà. Ènìyàn 42 ni ó kú, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ ará Queens. Fún ọjọ́ púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ òpópónà Queens kò fi ojú kan ọkọ̀ tí ń gbá òjò dídì, nítorí pé a kò tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti bàjẹ́ kí ọjọ́ ìjà tó pé. Nígbà tí Méyọ̀ John Lindsay lọ wo àwọn ará Queens, èébú ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkánì tí í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀ kọ̀ ọ́ nínú ìdìbò abẹ́nú. Abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Líbẹ́rà ni ó sá sí kí ó tó lè padà wọlé.

Ti Chicago tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aláṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1979, òjò dídì tí ó tó nǹkan bí íńṣì 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ó sì gun orí èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Ọ̀nà dí pa. Wọ́n tilẹ̀ ní kí àwọn ọkọ̀ ojú irin kan máa kọjá láì dúró ní àwọn ibùdó tí ó wà ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n lè tètè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwọ̀sí náà kò tán lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, Jane Byrne fi ẹ̀yìn Méyọ̀ Michael Bilandic janlẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Dẹmọkírátíìkì, obìnrin náà sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ Méyọ̀ ìlú Chicago.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó yẹ kí a rí kọ́ nínú èyí? Ohun tí ó máa ń yára wá sí ọkàn aláṣẹ ni pé kí a ra ọkọ̀ sí i, kí a sì ra iyọ̀ sí i. Lóòótọ́, iyọ̀ tí a ń fọ́n sí ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà lónìí lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ́ gbangba pé, bí ọwọ́ tí ń fọ́n iyọ̀ kò bá ní ìmọ̀, òfò ni owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ iyọ̀ wò. Omi lásán a máa dì ní dígírì 0 ti Celsius. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí ó tètè dì, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dúró sójú kan. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá tutù dé nǹkan bí dígírì 1 sísàlẹ̀ òdo, pọ́n-ùn iyọ̀ kan lè yọ́ nǹkan bí pọ́n-ùn omi dídì 46. Bí ó bá tutù dé dígírì 7 sísàlẹ̀ òdo, kò ní lè yọ́ tó 10. Bí ó bá sì tutù kọjá dígírì 9 sísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Awakọ̀ tí a kò kọ́ ní èyí yóò máa da iyọ̀ lé iyọ̀ ní òru tí kò lè ṣiṣẹ́. Èyí tí a kọ́ yóò kọ́kọ́ wo bí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti tutù tó, nítorí ó mọ̀ pé òtútù afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, àti pé orí afárá ni omi ti ń tètè dì, nítorí pé atẹ́gùn ń fẹ́ gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ọlọgbọ́n kì í sì í dúró de ìgbà tí òjò dídì bá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ a máa po iyọ̀ mọ́ omi, kí iyọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 23 nínú 100, wọn a sì wọ́n ọn sí ojú ọ̀nà kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í fi epo pa inú agolo kí ó tó da ọ̀lẹ̀ sí i. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé iyọ̀ gbígbẹ a máa ta kúrò lójú ọ̀nà bọ́ sínú koríko, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó sì lè ṣòfò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi omi iyọ̀ rin ín kí wọ́n tó fọ́n ọn. Wọn a máa wọn ohun tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n lè mọ iye tí ń bọ́ sílẹ̀ ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Kí òtútù tó dé, wọn a wa ọkọ̀ gba gbogbo ọ̀nà tí a pín fún wọn, wọn a sì fi ọ̀pá sàmì sí etí òpópónà, sí ìdérí kòtò àti sí ẹ̀rọ omi panápaná, kí abẹ irin iwájú ọkọ̀ má baà gbá wọn nígbà tí ohun gbogbo bá funfun. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ìdíje ọdọọdún wà tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ ńlá gba ojú híhá kọjá láì fara kan ohunkóhun.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ju owó lọ. Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ní ìwọ̀n. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí adágún pọ̀ sí, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká ti fi hàn pé ṣíbí kékeré iyọ̀ kan tó láti ba omi gálọ́ọ̀nù 5 jẹ́ fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀. Iyọ̀ tí ó bá sì ti wọ inú adágún kò rọrùn láti yọ kúrò. Nítorí ìdí èyí ni iléeṣẹ́ náà ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ní bí a ti ń fi iyọ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, tí ó ń dán wọn wò, tí ó sì ń fún àwọn tí ó bá yege ní ìwé ẹ̀rí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé, ẹ̀kọ́ wo ni ó kù fún ẹni tí ó ti mọ ọkọ̀ wà? Èrò yìí kò tọ̀nà. Òru ni ọkùnrin tàbí obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, oorun ń kùn ún, ọkọ̀ ẹlòmíràn lè yọ̀ wá kọ lù ú nígbàkigbà. Bí ó bá ṣìṣe, òun tàbí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò fara gbá a. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò jẹ́rìí wa pé, bí a bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára, tí a kó ìwé kún inú rẹ̀, tí a kò sì wá olùkọ́ sí i, ilé ìkówèésí lásán ni a kọ́. Bákan náà ni ọkọ̀ tuntun àti òkìtì iyọ̀ tí a kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti lò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dìbò ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn, nígbà tí olóṣèlú bá wá ń ka iye ọkọ̀ tí ó rà fún yín, ẹ bi í pé: ta ni yóò wà á, ta ni ó sì kọ́ ẹni náà? Ẹ bi í ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àyè ẹ̀kọ́ ṣì wà. Bí òjò dídì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kì í ṣe àkókò ilé ẹ̀kọ́ mọ́, àkókò ìdánwò ni.