Ohùn Ìbejì Lẹ́nu Ọ̀nà Báńkì

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, BBC gbé ìròyìn kan jáde tí kò ní ya ìyá ìbejì kankan lẹ́nu ní ìlú Agbamu ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Akọ̀ròyìn wọn, Dan Simmons, ti fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì HSBC ní Ìlú Ọba, kó lè máa fi ṣí àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù. Ló bá ní kí Joe, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, pe báńkì náà. Joe ka nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ ìbí, ó ń sín ohùn Dan jẹ. Ẹ̀rọ lé e padà nígbà méje. Nígbà kẹjọ, ó gbà á wọlé! Joe rí iye owó tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè gbà á jáde.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ná? Bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe gùn tó, bí ihò imú àti inú ẹnu ṣe rí, ló ń mú kí ohùn kálukú yàtọ̀. Fóònù lásán máa ń wọn ohùn nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà á gé e wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á tó ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá, á sì wo bí ìró tó wà nínú rẹ̀ ṣe lágbára sí, látorí èyí tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, á sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀wọ́ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2018 ń lo nọ́ńbà 512.

Nígbà tí ẹnì kan bá pè, ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà tuntun wé ti àtijọ́, á sì fún ìjọra wọn ní máàkì. Máàkì lásán ni o! Báńkì ló ń pinnu iye tó tó láti ṣílẹ̀kùn. Tó bá kéré, olè á wọlé. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀fìnkìn lásán lè ti onílé síta. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ohùn padà, bí eégún ilẹ̀ Ìgbómìnà ti máa ń ṣe, á da iṣẹ́ rú mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ọ̀ràn ohùn tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. Àkójọ ohùn VoxCeleb, tí Yunifásítì Oxford kó jọ láti orí YouTube lọ́dún 2017, ní ohùn gbajúmọ̀ tó lé ní 1,200, ará Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àkójọ ohùn Yorùbá tí Google gbé síta lọ́dún 2020 kò ju ti èèyàn 36 lọ, gbogbo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi èdè kan kọ́ máa ń ṣàṣìṣe sí i tó bá bọ́ sínú èdè mìíràn.

Ní ọdún 2023, akọ̀ròyìn Joseph Cox fi ohùn tí kọ̀ǹpútà ṣe, tó jọ tirẹ̀, wọ àkáǹtì ara rẹ̀ ní báńkì Lloyds. Kò wá ìbejì kankan. Nítorí náà, bí ohùn ọmọ bá pe yín láti Èkó pé kí ẹ fowó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ pa fóònù yẹn, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.